Ẹyin Tí Ò Pa: Ìyá Aládìẹ Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ẹyin tí ò pa ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo mú mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká rọra kà á, torí ó ti ń dìjà láàárín aládùúgbò, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹyin tú àwọn èèyàn ká.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yọ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àgbébọ̀ mi kan yé ẹyin mẹ́rin péré ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Mo wò ó pé ẹyin yẹn ti kéré jù, mo bá lọ ra mẹ́wàá kún un lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́yin tó wà níwájú ilé wa. Nígbà tó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún, mẹ́ta pa nínú mẹ́rin tiẹ̀, ẹyọ kan ò pa nínú mẹ́wàá tí mo rà. Mo fọ́ ọ̀kan wò, òórùn ẹ̀ lé gbogbo wa jáde. Ìyá ọkọ mi ní ojú ló wọ̀ ọ́, torí aládùúgbò wa kan wọlé lọ́jọ́ tí mò ń to ẹyin yẹn, ó sì ní "ha, ẹyin yìí mà pọ̀ o". Látọjọ́ náà a ò kíra mọ́. Ṣé òótọ́ ni mà?

Ìdáhùn: Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí kí ẹ lọ kí obìnrin yẹn. Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹyin tí ẹ rà yẹn, kódà kí adìẹ yín jókòó lé e títí ọdún á fi yípo, kò ní pa, torí látọjọ́ tí wọ́n ti yé e ni kò ti sí ọmọ nínú ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ èyí, mi ò dá yín lẹ́bi rárá. Adìẹ ò nílò akọ kó tó yé ẹyin. Bí obìnrin ṣe máa ń rí nǹkan oṣù ẹ̀ yálà ó lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni adìẹ ṣe máa yé ẹyin tí àsìkò ẹ̀ bá ti tó. Àmọ́ kí ẹyin yẹn tó lè di òròmọdìẹ, àkùkọ gbọ́dọ̀ ti gun ìyá ẹ̀. Ẹyin inú kírétì tí wọ́n ń tà lọ́jà, àwọn léyà ló ń yé e, àwọn adìẹ pupa tí wọ́n kó sínú kéèjì ní oko pọ́tírì, abo nìkan ni gbogbo wọn, kò sí àkùkọ kankan láàárín wọn. Ìyá ẹlẹ́yin náà ò sì rẹ́ yín jẹ o, ẹyin jíjẹ ló ń tà, òun náà á rò pé ẹ fẹ́ lọ sè é ni.

Tó bá di ọjọ́ míì, agbo ilé tí àkùkọ ti ń rìn káàkiri pẹ̀lú àwọn abo ni kí ẹ ti lọ wá ẹyin. Àkùkọ kan tí ara ẹ̀ le tó fún abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yé e, torí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bà jẹ́ fún wa tí a ò ní mọ̀. Ẹyin tí ò tíì ju ọjọ́ méje lọ ló dáa jù fún ìsàba, tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá, ọmọ inú ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọ̀ ọ́ lómi. Ara èèpo ẹyin ní nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí Ọlọ́run fi bò ó kí ìdọ̀tí má baà ráyè wọlé, tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún àrùn nìyẹn. Tí ìgbẹ́ adìẹ bá wà lára ẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, èyí tó bá dọ̀tí jù ẹ dín in jẹ. Ibi tó tutù díẹ̀ nínú yàrá ni kí ẹ kó o sí, orí ṣóńṣó ẹ̀ ni kó kọ sísàlẹ̀, kì í ṣe inú fíríìjì, kì í sì ṣe orí tẹlifíṣọ̀n.

Mo tún rí nǹkan kan nínú lẹ́tà yín: adìẹ yín sàba lórí ẹyin mẹ́rin. Nígbà míì, àwa la máa ń kó ẹyin yẹn jẹ tí a ò ní rántí pé a kó o. Ẹ jẹ́ kó máa yé e, kí ẹ máa kó tuntun pa mọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ nínú ìtẹ́ kó má baà pa ìtẹ́ yẹn tì. Tó bá wá jókòó tí kò dìde mọ́, tó ń wú ìyẹ́, tó ń bínú sí ọwọ́ yín, ẹ kó gbogbo ẹyin yẹn sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́, mẹ́wàá sí méjìlá ti tó adìẹ ìbílẹ̀, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ara ẹ̀ ò ní bò wọ́n tán. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo ẹ̀, torí àwọn adìẹ míì á máa wá yé tiwọn kún un, ẹ ò wá ní mọ èyí tó ti pé ọjọ́ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ gbé ẹyin kọ̀ọ̀kan sójú tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, kí ẹ ká ọwọ́ yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má baà tú jáde. Èyí tó lọ́mọ, ẹ máa rí iṣan pupa wẹ́wẹ́ bí ilé aláǹtakùn, pẹ̀lú àmì dúdú kékeré kan láàárín. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ gbòò láìsí nǹkan kan nínú ẹ̀, òun ni irú àwọn tí ẹ rà yẹn. Èyí tí ẹ bá rí òrùka pupa nínú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì kú. Ẹ yọ oríṣi méjèèjì kúrò, torí òbu tó bá bẹ́ sábẹ́ adìẹ á ba àwọn tó kù jẹ́.

Adìẹ tó fi ẹyin mẹ́rin pa mẹ́ta mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á, ẹ má sì pa á lọ́dún.

Ọmọkùnrin kan láti Ìlọrin, ó ní kí n má dárúkọ òun:

Mọ̀mí, ẹ káàárọ̀ mà. Mo ra ínkúbétọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin. Ẹyin 54 ni mo kó sínú ẹ̀, nígbà tí mo tàn án wò, 41 ló ní ọmọ. 9 péré ló jáde. Àwọn tó kù kú sínú èèpo, àwọn míì ti lu ihò kí wọ́n tó kú. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń yí wọn títí dọ́jọ́ tí wọ́n pa, iná wa ò sì dúró. Mo ti fẹ́ ta ẹ̀rọ náà.

Ìdáhùn: Má tà á, ọmọ mi. Tí 41 bá lè ní ọmọ, tí àwọn míì sì dàgbà débi tí wọ́n fi lu ihò, ẹ̀rọ ẹ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ló ṣì ẹ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni kí o jáwọ́ nínú yíyí. Lásìkò yẹn ọmọ inú ẹyin ti ń tún ara ẹ̀ tò, ó ń wá bó ṣe máa kọjú orí ẹ̀ sí apá ibi tó fẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ mí, tí o bá wá ń yí i kiri á sọnù nínú ilé ara ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì kéré. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀màrún-ún ni, kó ṣáà má pé méjì-méjì, torí òru ló gùn jù, o ò fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan náà máa wà lókè ní gbogbo òru.

Èyí tó lu ihò tó wá kú, ọ̀gbẹlẹ̀ ló pa á. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún àkọ́kọ́, kí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ wà ní 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ tó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, gbé e dé 65 sí 70, da omi kún àwo ìsàlẹ̀, fi kànìnkànìn tútù sí i tí àwo ò bá tó. Kí o wá pa ìdérí dé. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, ọmọ àkọ́kọ́ á jáde á máa ké, èèyàn á fẹ́ gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan tí o bá ṣí i, oru omi yẹn jáde lọ nìyẹn, awọ inú ẹyin tó ti rọ̀ á gbẹ, á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ tó kù lára bí ọ̀rá, kò ní lè yíra padà mọ́. Ọmọ tó ti jáde ò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Pupa ẹyin tó wọ inú ẹ̀ kó tó jáde tó o fún ọjọ́ méjì láì jẹ láì mu, òun ló fà á tí wọ́n fi ń kó òròmọdìẹ ọjọ́ kan sínú páálí láti Ìbàdàn lọ sí òkè ọya tí wọ́n á sì dé láàyè.

Má bá wọn fọ́ èèpo. Látìgbà tí ó bá ti lu ihò títí tó máa fi jáde lè tó wákàtí 24, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin tó kù sínú ara ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tèmi, mo fi èékánná ṣí mẹ́fà, mo rò pé mò ń ṣàánú wọn ni, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi tí mo ti ṣí i, mẹ́rin kú lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí títí dòní.

Ti iná: ẹyin fara da òtútù ju ooru lọ. Ooru 37.5 (Celsius) ni kí ẹ̀rọ tó ní fáànù wà, tí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan tó wá tutù, pípa ẹ̀ á kàn pẹ́ díẹ̀, àmọ́ tó bá gun 40 tó sì dúró síbẹ̀, o ti sè wọ́n nìyẹn. Nítorí náà má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan, fi tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà sínú ẹ̀ kí o wò ó bóyá àwọn méjèèjì bára mu. To ìgò ọ̀rá tí omi kún inú ẹ̀ sí igun ẹ̀rọ látọjọ́ àkọ́kọ́, omi yẹn á gba ooru sára, tí wọ́n bá mú iná lọ òun ni á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹ̀rọ, má dí ihò afẹ́fẹ́. Tí iná ò bá dé títí wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, pààrọ̀ omi ìgò náà sí gbígbóná. Tó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lo máa tàn, kí èéfín ẹ̀ jìnnà sí yàrá yẹn, ẹyin ń mí bíi tiwa.

Àǹtí Rónkẹ́, Àgbádárìgì:

Ṣé mo lè fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ?

Ìdáhùn: Ẹ lè fi í, àmọ́ ọjọ́ ò dọ́gba. 21 ni ti adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ wa tó lójú pupa yìí sì tó 35. Tí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ ẹyin adìẹ, tirẹ̀ á pa, á kó wọn lọ, á sì fi ti pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ nínú òtútù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nìkan, márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ gbé oúnjẹ àti omi sítòsí ẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ́ fún adìẹ, á rù gan-an.

Bàbá kan láti Ṣakí kọ̀wé:

Ìyá Aládìẹ, mo kí yín. Ọdún mẹ́ta rèé léraléra, bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, adìẹ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, wọ́n á yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn àwọn míì á lọ́ sẹ́yìn, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ilé ti ṣófo. Mo fún wọn ní omi ata, mo tú kápúsù tẹtrasáíkílìnì sómi fún wọn, pàbó ni. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kàndínlógójì ló lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o, Bàbá. Mọ́kàndínlógójì kì í ṣe nǹkan kékeré. Lúkúlúkú ni ẹ ń ṣàpèjúwe yìí, ohun tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, nítorí ìlú Newcastle lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i lọ́dún 1926. Fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí ata tó lè pa á, kápúsù ò lè pa á, kò sí oògùn tó ń wò ó tó bá ti wọlé. Mo ń sọ èyí gbangba torí owó tí àwọn èèyàn wa ń ná lórí kápúsù lọ́dọọdún, tí wọ́n bá fi ìdámẹ́rin ẹ̀ ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, adìẹ ì bá má tán nílẹ̀ Yorùbá báyìí.

Àjẹsára ẹ̀ wà, orílẹ̀-èdè yìí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, ní NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2, adìẹ ìbílẹ̀ bíi tiyín ni wọ́n dìídì ṣe é fún, ó fara da ooru ju àwọn tó kù lọ, ẹ̀kán kan sójú kan fún adìẹ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tó bá jẹ́ àjẹsára Lasota ni ẹ rí, inú omi mímu ni wọ́n ń pò ó sí: ẹ fi omi dù wọ́n fún bíi wákàtí kan tàbí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí ẹ wá fi omi kànga tàbí omi òjò pò ó, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní oògùn apakòkòrò, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kí ẹ ti ṣe é, kí ara wọn ti gbà á kí ọyẹ́ tó dé. Adìẹ tó ti ń ṣàìsàn, ẹ má fún un, ó ti bọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé ìgò kan tó fún igba adìẹ, ogún péré lẹ ní. Ẹ pe àwọn ará àdúgbò. Ẹ dá owó, ẹ mú ọjọ́ kan, kí dókítà ẹranko tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gbé e wá nínú fíláàsìkì oníyìnyín, kí gbogbo ilé gba tiwọn láàárọ̀ kan. Ó tún dáa bẹ́ẹ̀, torí tí adìẹ tiyín bá gbà á tí ti aládùúgbò ò gbà á, àrùn ṣì wà nítòsí. Èyí tí wọ́n bá ń tà fún yín nínú oòrùn lójú títì, ẹ má rà á, omi lásán ni.

Bàbá, mo tún fẹ́ kí ẹ rántí bóyá kó tó di pé wọ́n ń kú, ẹ ra adìẹ kan láti ọjà. Ibẹ̀ ni lúkúlúkú ti máa ń wọlé, pàápàá tí ọdún bá ń sún mọ́lé tí adìẹ láti ibi gbogbo ń pàdé lọ́jà. Tuntun tí ẹ bá rà, ẹ dá a sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èyí tó bá kú, ẹ sin ín jìn tàbí kí ẹ sun ún, ẹ má tà á, ẹ má jù ú sígbó. Tí wọ́n bá tún kú lójijì tí ojú àti ogbe wọn wú, ẹ má fọwọ́ lásán kàn wọ́n, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko kíákíá, torí fúlùú adìẹ náà jọ ọ́, Nàìjíríà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ní gbogbo Áfíríkà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lóṣù kejì ọdún 2006. Ìyẹn lè ran èèyàn.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Àṣá ti gbé òròmọdìẹ mi mẹ́jọ nínú mọ́kànlá. Wọ́n ní kí n pa wọ́n láró, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Èmi náà ti pa wọ́n láró aláwọ̀ elésè àlùkò rí, ó dà bíi pé àṣá ń ṣiyèméjì fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń gbé wọn lọ. Ẹ̀yin àgbà ẹ máa ń sọ ọ́, òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló mọ àṣá. Ẹ fi ìyá àtàwọn ọmọ sábẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ẹ máa tú wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ níbi tí ewé ti bo ilẹ̀. Àti pé ẹ fún wọn ní stáàtà, oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n ń tà, kì í ṣe ìyẹ̀fun gàrí nìkan, ikán náà dáa gan-an, kí wọ́n tètè tóbi ju ohun tí àṣá lè gbé lọ. Tó bá jẹ́ pé ìyá wọn ti kú tí ẹ sì ń fi ìkòkò èédú mú wọn móoru, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀, mo mọ ẹnì kan tó tì í pa mọ́jú, ẹyọ kan ò sí láàyè nílẹ̀ tó mọ́.

Sisí kan láti London:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tó ní bàkíyáàdì, àwọn ọmọ mi fẹ́ rí bí ẹyin ṣe ń pa. Mo fẹ́ ra abo mẹ́ta kí n máa fún wọn ní ẹ̀bà àti ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù.

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣe méjì yìí. Látọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹni tó bá ń sin adìẹ ní England, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọn kì í gbowó. Ìkejì, ẹ̀bà àti ìrẹsì yẹn, ẹ má dán an wò. Òfin ilẹ̀ ibẹ̀ ò gbà kí oúnjẹ tó ti wọ kíṣìnì yín di oúnjẹ adìẹ, títí kan èèpo iṣu o. Ẹ ra oúnjẹ adìẹ fún wọn, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ilé tí wọ́n á máa já jẹ ní tààràtà.

Ní ti pípa, ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ lókè yẹn: abo mẹ́ta láìsí akọ, ẹyin jíjẹ nìkan lẹ máa rí. Àkùkọ tó ń kọ láago mẹ́rin ìdájí sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò. Ẹ dúró kí ọ̀kan nínú àwọn abo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, kí ẹ wá ra ẹyin tó lọ́mọ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìẹ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítì níbẹ̀. Tó bá dé, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 pẹ̀lú orí ṣóńṣó ẹ̀ nísàlẹ̀, kí inú ẹ̀ tó ti mì nínú ọkọ̀ balẹ̀, kí ẹ tó gbé e sábẹ́ adìẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, kí àwọn ọmọ wá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ pa iná, kí àwọn náà rí iṣan pupa yẹn. Ẹ kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti rí i.